Alátakò Ihò Dúdú

Ẹni tó ń pe rédíò ní gbogbo àárọ̀ Sátidé láti sọ pé kò sí ihò dúdú kankan lójú ọ̀run kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n o. Lórí òrùlé ilé alájà méje kan lẹ máa bá a, nínú yàrá kóńkó tó ń rùn fún gírísì, níbi tó ti ń fi àkísà nu kẹ̀kẹ́ irin ńlá tó ń fa okùn lífìtì. Baba Lífìtì ni gbogbo àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú ilé náà ń pè é. Àwọn olùgbọ́ rédíò ní tiwọn sọ ọ́ ní Alátakò. Á máa ṣe bí ẹni tí kò bìkítà, àmọ́ orúkọ kejì yìí dùn mọ́ ọn dénú eegun.

Kò kàwé lọ títí. Àpò irinṣẹ́ ọ̀gá rẹ̀ ló gbé kiri títí tó fi mọ iṣẹ́ lífìtì. Ìwé ìràwọ̀ tó ní, àwọn ọ́fíìsì kan nínú ilé náà ló fẹ́ kó wọn dà nù, ló bá ní kí wọ́n kó wọn fún òun. Bó ṣe ń tú ẹ́ńjìnnì ló ṣe ń kà wọ́n: tó bá dé ibi tí kò yé e, á padà sẹ́yìn, á tún un tú. Nígbà tí ètò "Ẹ Gbójú Sókè" wá bẹ̀rẹ̀ lórí rédíò, tí obìnrin onímọ̀ ìràwọ̀ kan tí gbogbo èèyàn ń pè ní Ọ̀mọ̀wé ń dáhùn ìbéèrè àwọn ará ìlú, ńṣe ló dà bíi pé nítorí tirẹ̀ ni wọ́n ṣe dá a sílẹ̀.

Ohun tí Ọ̀mọ̀wé àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń sọ kò lọ́jú pọ̀. Ìràwọ̀ wúwo kọjá sísọ. Ìwúwo yẹn ń tẹ̀ ẹ́ sínú, ooru tó ń jó nínú rẹ̀ sì ń tì í síta, àwọn méjèèjì ń ti ara wọn, ìràwọ̀ náà dúró. Lọ́jọ́ tí ohun tó ń jó bá tán, kò sẹ́ni tó máa gbé ẹrù náà mọ́. Tí ìràwọ̀ náà bá tóbi gan-an, á wó sínú ara rẹ̀, á máa kéré, á máa ki, títí agbára òòfà rẹ̀ á fi le débi pé ìmọ́lẹ̀ pàápàá kò ní lè jáde. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní ihò dúdú.

Ibẹ̀ ni Baba Lífìtì ti gbá a mú.

"Ọ̀mọ̀wé, ìwé yín náà ni mo fi ń bá yín jà o," ó wí lórí fóònù lọ́jọ́ kan. "Ṣé òótọ́ ni pé tí nǹkan bá ń já bọ́ lọ sẹ́nu ihò yẹn, tí àwa sì dúró lọ́ọ̀ọ́kán tí à ń wò ó, aago ara rẹ̀ á máa falẹ̀ lójú wa?"

"Òótọ́ ni, Bàbá."

"Tó bá ku díẹ̀ kó wọlé, aago náà á fẹ́ẹ̀ dúró pátápátá?"

"Lójú àwa tí à ń wò ó, bẹ́ẹ̀ ni."

"A ò sì ní rí i kó wọlé títí ayé?"

"A ò ní rí i."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ìràwọ̀ tó ń wó yìí, ṣé òun náà kọ́ ló ń já bọ́ sínú ara rẹ̀ ni? Bí kò bá tíì wọlé, ihò wo lẹ ń kà fún wa? Ẹni tó ń bọ̀ lọ́nà tí kò tíì dé lẹ ti ń kí káàbọ̀!"

Kí Ọ̀mọ̀wé tó dáhùn, àkókò ti tán, orin ti wọlé. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ ti di ariwo. Àwọn kan ń pè láti gbè é lẹ́yìn, àwọn kan ń pè láti bú u, ètò náà sì ń gbóná sí i. Ló bá di pé Ọ̀mọ̀wé kéde pé àwọn máa gbé àga kan sínú yàrá rédíò fún ẹni tí á máa ṣojú àwọn olùgbọ́, tí á máa béèrè ọ̀rọ̀ lójúkojú ní ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Ó ní kí Alátakò wá ní Sátidé tó ń bọ̀ kí àwọn jọ dán an wò. Tó bá lọ dáadáa, òun ló ni àga náà.

Baba Lífìtì fẹ́ àga yẹn ju bó ṣe lè ṣàlàyé lọ. Kò sẹ́ni tó ti ní kó wá jókòó sọ̀rọ̀ nípa ohun tó ń kà rí. Gbogbo ayé rẹ̀, tí wọ́n bá pè é wá síbì kan, a jẹ́ pé nǹkan ti bàjẹ́ níbẹ̀.

Ó sọ fún gbogbo èèyàn. Ó sọ fún Sójà, ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì, ẹni tó ti gba ẹ̀kọ́ rẹ̀ gbọ́ lódindi láìbéèrè ohunkóhun. Ó sọ fún àwọn tó bá wọ lífìtì láti àjà kìíní dé ìkeje. Ìyàwó rẹ̀ ló gbọ́ ọ jù, nítorí ojoojúmọ́ ló ń fi obìnrin náà dánra wò bí ẹni pé òun ni Ọ̀mọ̀wé.

"Bàbá àwọn ọmọ," obìnrin náà wí, ó ń fi áyọ́ọ̀nù na kọ́là ẹ̀wù tó máa wọ̀ lọ, "ihò tí o ní kò sí yìí, kí ló ṣe ọ́ tí o fi ń bínú sí i tó báyìí?"

"Mi ò bínú sí i. Mo ní kò tíì dé ni."

"Ó dáa, tó bá dé, kó bá wa nílé. Gbé apá rẹ sókè kí n wo ibi tí aṣọ iṣẹ́ ọrùn rẹ ti ya."

Bí ọ̀sẹ̀ náà ṣe ń lọ nìyẹn, tó dùn bí oyin, títí ó fi di ọ̀sán Fráídè.

Baba Lífìtì wà ní ìsàlẹ̀ ilé, níbi tí wọ́n ń kó ẹ̀rọ omi sí, ó ń fi ẹnu ara rẹ̀ bá Ọ̀mọ̀wé jiyàn, nígbà tí Sójà sáré wọlé, tí fìlà rẹ̀ ti yí sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Ọ̀gá! Lífìtì ti há! Màmá Akápò wà nínú rẹ̀!"

Màmá Akápò ni olórí àwọn tó ń ṣírò owó ní àjà kẹfà, obìnrin tó sanra, tí ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ lọ.

"Ta ló rí i tó wọ̀ ọ́?"

"Ọmọ ọ́fíìsì wọn ló rí i. Ó wọ̀ ọ́ ní àjà kẹfà pé òun ń sọ̀ kalẹ̀. Àwọn tó wà ní àjà kẹrin ń tẹ bọ́tìnnì láti ìgbà yẹn, kò wá. Ẹ wá wo iná!"

Wọ́n sáré jáde. Lókè ilẹ̀kùn lífìtì ní àjà kọ̀ọ̀kan, iná pupa kékeré kan wà tó ń fi nọ́ńbà sọ ibi tí lífìtì dé. Méjì ló wà níbẹ̀. Wọ́n dúró, wọ́n wò ó. Méjì náà ni. Lífìtì ti há sí àjà kejì nìyẹn, kedere.

Iṣẹ́ lífìtì ní òfin tirẹ̀. Tí lífìtì bá há, a ó gun òkè lọ sí yàrá ẹ́ńjìnnì, a ó pa iná, lẹ́yìn náà a ó wo okùn. Àmì ọ̀dà ofeefee wà lára okùn irin náà; tí àmì kan bá bọ́ sí ojú ìlà tí wọ́n fà sára irin ìdúró ẹ́ńjìnnì, ẹni tó mọ iṣẹ́ á mọ àjà tí lífìtì wà gan-an. Okùn ni à ń gbà gbọ́. Baba Lífìtì fúnra rẹ̀ ti sọ ọ̀rọ̀ yìí fún àwọn ẹlòmíì títí ẹnu fi rẹ̀ ẹ́. Àmọ́ lọ́jọ́ náà, àga rédíò ló kún inú orí rẹ̀. Ó gun àtẹ̀gùn dé òkè, ó ń mí hẹlẹ, ó pa iná, kò sì wo okùn rárá. Ṣebí ó ti rí i pé méjì ni.

Ó dojú bolẹ̀ síbi ihò tí okùn gbà kọjá lọ sísàlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu, ó lọgun.

"Màmá! Ẹ má bẹ̀rù o! Èmi ni!"

Kò sí èsì. Òkùnkùn ló wà nísàlẹ̀, ohùn rẹ̀ ń dún lọ bí ẹni pé inú kànga ló ti ń pè.

"Ẹ jókòó sílẹ̀, Màmá! Ẹ má fọwọ́ kan ilẹ̀kùn! Afẹ́fẹ́ wà níbẹ̀ dáadáa!"

Kò sí èsì síbẹ̀. Bóyá obìnrin náà ti dákú. Bóyá ẹ̀rù ti mú un lóhùn. Ó rántí pé ọ̀rọ̀ sísọ a máa fọkàn èèyàn balẹ̀, ohun tó sì wà lẹ́nu rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn ìràwọ̀ fún un nìyẹn. Ó ṣàlàyé bí ìràwọ̀ ṣe ń jó. Ó ṣàlàyé bó ṣe ń wó. Ó dé ibi aago tó ń falẹ̀, ó ń gbádùn ara rẹ̀ bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó sì ń lọgun pé, "Àwa tí à ń wò ó, Màmá, a ò ní rí i kó wọlé láé!" nígbà tí ohùn kan dún lẹ́yìn rẹ̀.

"Ta lò ń bá sọ̀rọ̀?"

Ó yí padà. Màmá Akápò ló dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó di ògiri mú, òógùn bò ó, àpò ìtajà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Sójà wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń wo ilẹ̀.

"Màmá... ẹ̀yin kọ́ lẹ wà nínú lífìtì?"

"Inú lífìtì wo? Mo ti sọ̀ kalẹ̀ nínú lífìtì rẹ tipẹ́tipẹ́, kò sí ohun tó ṣe é. Mo jáde lẹ́yìn ilé, mo ra bàtà, mo dé, mo bá a pé iná ti kú. Mo wá ń fẹsẹ̀ ara mi gun òkè, mo ń gbọ́ ẹni tó ń pariwo 'Màmá, ẹ jókòó sílẹ̀' nínú ògiri! Mo jókòó o! Lórí àtẹ̀gùn, ní àjà kẹta, mo jókòó! Mo rò pé áńgẹ́lì ni!"

Sójà kò lè mú un mọ́ra. Ó dojú kọ ògiri, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n.

Ìgbà yẹn ni Baba Lífìtì wá yíjú wo okùn. Àmì ọ̀dà tó wà lójú ìlà, ti ìsàlẹ̀ pátápátá ni. Lífìtì ti délẹ̀, ó ti ṣílẹ̀kùn, ó ti sọ èèyàn kalẹ̀, ó ti palẹ̀kùn dé, ó sì ń sinmi jẹ́jẹ́ níbi tó yẹ kó wà. Ohun kan ṣoṣo ló dúró sójú kan: swíìṣì kékeré kan nínú kòtò lífìtì tó máa ń sọ fún àwọn iná náà pé "ó ti kọjá, ó ti kọjá". Òun ló lẹ̀ mọ́ra ní àjà kejì. Nígbà tí iná kò sì gbúròó rẹ̀ mọ́, lífìtì pàápàá kọ̀ láti gbéra lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ó tọrọ àforíjì títí. Ó bá Màmá Akápò gbé àpò bàtà rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ dé àjà kẹfà. Àmọ́ ohun mìíràn ti ń jẹ ẹ́ nínú ju ìtìjú lọ, kò sì tíì fẹ́ wo ojú rẹ̀.

Ó mú swíìṣì náà lọ sílé. Lẹ́yìn oúnjẹ ìrọ̀lẹ́, ó tẹ́ aṣọ sórí tábìlì, ó tú u. Nǹkan tó rẹwà ni: ahọ́n irin tín-ín-rín méjì nínú ọ̀pá gíláàsì. Tí mágínẹ́ẹ̀tì ara lífìtì bá ń kọjá, ahọ́n méjèèjì á lẹ̀ mọ́ra. Tó bá kọjá tán, wọ́n á yà. Àwọn wọ̀nyí kò yà mọ́. Ó gbé e síwá, ó gbé e sẹ́yìn, ó ń tẹ̀ ẹ́ wò.

"Ó bàjẹ́?" ìyàwó rẹ̀ béèrè.

"Ó lẹ̀. Irọ́ kọ́ ló pa, ṣé o rí i. Ìròyìn tó gbà kẹ́yìn ló ń sọ. Lífìtì ń lọ ní tirẹ̀. Ìròyìn ló dúró, kì í ṣe lífìtì."

Bó ṣe sọ ọ́ tán ni ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó gbọ́ ohun tí ẹnu ara rẹ̀ sọ.

"Kí ló dé?" ìyàwó rẹ̀ wí. "Ojú rẹ ti yí padà."

"Ìràwọ̀ yẹn ti wọlé."

"Ìràwọ̀ wo?"

"Ìràwọ̀ mi. Aago tó ń falẹ̀ lójú wa, ìmọ́lẹ̀ tó ń ti ibẹ̀ bọ̀ ló ń pẹ́ lọ́nà. Ìràwọ̀ fúnra rẹ̀ kò dúró de ẹnikẹ́ni. Ní ti aago tirẹ̀, ó ti wọlé tán kíá. Èmi ni mo ń wo iná lókè ilẹ̀kùn." Ó fi swíìṣì náà sílẹ̀. "Ọjọ́ gbogbo ni mo fi ń pariwo sínú lífìtì òfìfo lórí rédíò."

Obìnrin náà fa àga, ó jókòó. Kò rẹ́rìn-ín. "Ta ló mọ̀?"

"Èmi."

"Ọ̀mọ̀wé ńkọ́?"

"Ó ti ní in lẹ́nu láti ọjọ́ tó ti ń sọ pé 'lójú wa, lójú wa'. Wọn ò jẹ́ kó ráyè ṣàlàyé ni. Àmọ́ tí mo bá fi ariwo kún un lọ́la, àwọn èèyàn mi máa pàtẹ́wọ́. Àga ni wọ́n fẹ́ gbé fún Alátakò. Tí Alátakò kò bá takò mọ́, kí ni wọ́n fẹ́ fi mí ṣe?"

"Lọ sọ ti tẹ́lẹ̀ fún wọn, kí o gba àga rẹ. Tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, o lè wá yí i padà."

Ó rò ó. Ká má purọ́, ó rò ó dáadáa, títí tó fi fọ abọ́ tán tó sì nù wọ́n gbẹ. Ohun tó jẹ́ ìṣòro rẹ̀ ni pé kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé nǹkan ń ṣiṣẹ́ tí kò bá ṣiṣẹ́. Ní iṣẹ́ tirẹ̀, àwọn èèyàn á gbà ẹ́ gbọ́, wọ́n á sì wọ inú lífìtì náà.

Yàrá rédíò kéré ju bó ṣe rò lọ. Tábìlì kan, máíkì méjì, ògiri tí wọ́n fi kànrìnkàn bò, àti ọ̀dọ́mọkùnrin kan lẹ́yìn gíláàsì tó ń fi ọwọ́ ka àkókò. Ọ̀mọ̀wé náà kéré ju ohùn rẹ̀ lọ, ó wọ bàtà pẹlẹbẹ, ó sì dìde kí i pẹ̀lú ìkúnlẹ̀ díẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá. Ẹ̀rù yín ń bà mí o."

"Ẹ má bẹ̀rù," Baba Lífìtì wí. "Mo ti pa ara mi kí n tó dé."

Kò yé obìnrin náà, àmọ́ iná pupa ti tàn, wọ́n ti wà lórí afẹ́fẹ́. Ó kí àwọn olùgbọ́, ó ní Alátakò ti dé fúnra rẹ̀, ó ní kó sọ tẹnu rẹ̀.

Baba Lífìtì sún mọ́ máíkì. Ó sọ ìtàn Màmá Akápò láti ìbẹ̀rẹ̀, kò fi ohunkóhun bò àfi orúkọ. Nígbà tó dé ibi tí obìnrin náà ti jókòó lórí àtẹ̀gùn nítorí áńgẹ́lì, ọ̀dọ́mọkùnrin ẹ̀yìn gíláàsì ti gbé orí lé tábìlì. Ọ̀mọ̀wé fi ìwé bo ẹnu, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Nítorí náà," Baba Lífìtì parí ọ̀rọ̀, "ohun tí mo ń sọ fún yín láti ọjọ́ yìí, mo yọwọ́ níbẹ̀. Iná ni mo ń wò, mi ò wo okùn."

Ọ̀mọ̀wé nu ojú. "Bàbá, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ lórí èyí. Àwọn onímọ̀ gidi wà nígbà kan tó ń pè é ní ìràwọ̀ dídì, bí omi tó di yìnyín, nítorí ohun tí ẹ rí yìí gan-an. Ẹ jẹ́ kí n fi ẹyọ kan kún un: iná ti ìràwọ̀ kò tiẹ̀ ní dúró sórí nọ́ńbà méjì bíi tiyín. Ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde á máa pọ́n, á máa ṣú, kíákíá ló máa ṣókùnkùn. Ẹ ò ní rí ìràwọ̀ kankan tó dúró síbẹ̀."

"Ṣé ó ń kú lọ ni?"

"Ó ń kú lọ."

"Háà. Ìyẹn dáa ju swíìṣì mi lọ." Inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbàgbé àga. "Ó dáa, tó bá ti wọlé, ibo ló ń lọ? Nísàlẹ̀ kòtò lífìtì, sípíríǹgì wà níbẹ̀, tó máa gba lífìtì tó bá já. Ìràwọ̀ ńkọ́?"

"Ó ní sípíríǹgì lọ́nà, kì í ṣe ẹyọ kan. Bí a bá tẹ nǹkan pọ̀ gan-an, àwọn hóró kéékèèké inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀, wọ́n á tì í padà. Ìyẹn ló gbé àwọn ìràwọ̀ kan dúró. Àmọ́ tí ẹrù bá pọ̀ jù, gbogbo sípíríǹgì tí a mọ̀ ló máa ṣẹ́."

"Lẹ́yìn èyí tí ẹ mọ̀ ńkọ́?"

Ọ̀mọ̀wé rẹ́rìn-ín. "Ìṣirò wa ní gbogbo rẹ̀ máa di ojú kan tí kò ní ìbú, kò ní òòró. Tí ìṣirò bá sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ wa gbà pé ọ̀nà rẹ̀ ló pin síbẹ̀. Ohun tó wà nísàlẹ̀ gan-an, Bàbá, mi ò mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo ń jí ṣe láràárọ̀ nìyẹn."

Fóònù ń tàn wìnìwìnì. Ọ̀mọ̀wé tẹ ọ̀kan.

"Onígbàjámọ̀ ni mí," ohùn kan bú jáde, ariwo èèyàn pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. "Alátakò, kí lẹ ṣe fún wa yìí? Ṣọ́ọ̀bù mi ti pín sí méjì nítorí yín! Mo ti lé oníbàárà jáde lórí ọ̀rọ̀ ihò yìí, pẹ̀lú irun tí mo gẹ̀ dé ìdajì! Ẹ wá ń sọ pé ẹ ti yọwọ́? Èmi ò yọwọ́ o! Ohun tí mi ò bá rí kó wọlé, kò tíì wọlé!"

Baba Lífìtì wo Ọ̀mọ̀wé. Ọ̀mọ̀wé ti fara ti àga, ó ti ká ọwọ́ sáyà. Ó fi ìka kan ti máíkì sọ́dọ̀ rẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ," ó wí. "Ẹ dá a lóhùn."

Baba Lífìtì tún ìjókòó ṣe lórí àga rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí nǹkan ti rọrùn, bí ẹni tó ń tú bóòtù àkọ́kọ́ lára ẹ́ńjìnnì.

"Onígbàjámọ̀, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ní fọ́tò oníbàárà kankan lára ògiri níbẹ̀?"

"Ó pọ̀. Kí ni tirẹ̀?"

"Ẹ mú ọ̀kan, èyí tó ti pẹ́ jù. Báwo ni irun rẹ̀ ṣe rí?"

"Ó mọ́ lẹ́bàá etí, ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Èmi ni mo gẹ̀ ẹ́."

"Ṣé irun ọkùnrin yẹn kò tíì hù láti ọjọ́ náà?"

Ariwo ṣọ́ọ̀bù náà rọlẹ̀. Wọ́n gbọ́ tí onígbàjámọ̀ gbé ẹ̀rọ ìgẹrun kalẹ̀.

"Ẹ dúró ná," ó wí. "Ọkùnrin náà wà níbí. Irun rẹ̀ ni mo ń gẹ̀ lọ́wọ́."

Lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín.